Àárò àná ń sọ mí: ibo ni Ọlọ́run wà lónìí?

Ìyá kan tó ń gbé ní Akóbọ̀, nílùú Ìbàdàn níbí, kọ lẹ́tà sí mi. Mo ké e kúrú díẹ̀, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí àwọn èèyàn dá wọn mọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Kúdẹ̀tì ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti rì mí bọmi, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọrin nínú kọ́yà títí mo fi lọ sílé ọkọ. Òkè-Àdó ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ gbé títí Olúwa fi pè wọ́n lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Láàárọ̀ kùtùkùtù, ní aago márùn-ún, bàbá máa ń lu agogo kékeré kan ní pálọ̀. Gbogbo ilé á jí, a ó kọrin, wọn á ka Bíbélì, wọn á sì gbàdúrà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á dárúkọ oníkálukú. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin mi ni mo wà báyìí. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi ń jáde lọ síbi iṣẹ́, èmi àti ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méje la máa ń kù nílé. Àwọn méjì yòókù wà ní Kánádà. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tó wà nítòsí wa, abẹ́ kánópì ni wọ́n ṣì ń jọ́sìn, orin tí wọ́n ń kọ kì í ṣe èyí tí mo mọ̀, sípíkà wọn sì ń lù mí láyà. Tí mo bá kúnlẹ̀, ohùn bàbá ni mo ń gbọ́, mi ò gbọ́ ti Ọlọ́run. Ó wá dà bíi pé Ọlọ́run bá wọn lọ. Ìránṣẹ́ Olúwa kan sọ fún mi pé kí n yé bojú wẹ̀yìn bí aya Lọ́ọ̀tì. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni àárò tó ń sọ mí yìí? Báwo ni mo ṣe lè rí Ọlọ́run níbi tí mo wà báyìí?”

Ìyá mi, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọdún mẹ́rin kò pọ̀ rárá fún irú àdánù bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kàlẹ́ńdà dá yín lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ aya Lọ́ọ̀tì kúrò lọ́nà, torí mo rí i pé ó gún yín lọ́kàn. Ìlú tí ìdájọ́ ti dé bá ni obìnrin yẹn bojú wẹ̀yìn wò, lẹ́yìn tí áńgẹ́lì ti fà á lọ́wọ́ jáde, tí wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un. Ilé yín ní Òkè-Àdó kì í ṣe Sódómù. Ilé àdúrà ni. Ẹni tó bá fi aya Lọ́ọ̀tì wé opó tó ń rántí ohùn ọkọ rẹ̀ lórí àdúrà kò ka ibẹ̀ dáadáa, ẹrù tí Ọlọ́run kò dì ló gbé lé yín lórí. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ kà ni ìwé Ẹ́sírà, orí kẹta. Àwọn Júù ti ti ìgbèkùn Bábílónì dé, wọ́n sì ń fi ìpìlẹ̀ tẹ́ńpìlì tuntun lélẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí àwọn ọ̀tá ti dáná sun tẹ́ńpìlì tí Sólómọ́nì kọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń hó ìhó ayọ̀, fèrè ń dún, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó tó fojú ara wọn rí ilé àkọ́kọ́ bú sẹ́kún. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dákẹ́. Ẹni tó kọ ìwé náà kò sọ pé wọ́n ṣẹ̀. Ohun tó sọ ni pé àwọn èèyàn kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró ayọ̀ àti ìró ẹkún, torí pé méjèèjì ti dàpọ̀, ó sì ń dún dé ọ̀nà jíjìn. Ìsìn kan náà ni wọ́n jọ ṣe lọ́jọ́ yẹn, níwájú Ọlọ́run kan náà. Ẹni tó ń sunkún àná àti ẹni tó ń yọ̀ sí òní dúró lórí ilẹ̀ kan náà, Ọlọ́run sì gba tọwọ́ àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá jókòó sábẹ́ kánópì yẹn ní Akóbọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tí omi ń bọ́ lójú yín nígbà tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń jó, inú ìsìn lẹ wà. Ẹ ò sí lẹ́yìn òde rẹ̀.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Àtakò dé, iṣẹ́ tẹ́ńpìlì náà dúró fún ọdún gbọọrọ. Ní nǹkan bí ọdún 520 ṣáájú ìbí Kristi, wòlíì Hágáì dìde, ó sì bi àwọn arúgbó kan náà léèrè pé: ta ló kù nínú yín tó rí ilé yìí nínú ògo rẹ̀ àkọ́kọ́? Ṣé kò dà bí asán lójú yín? Ẹ kíyè sí ohun tí wòlíì náà kò sọ. Kò sọ pé irọ́ ni ohun tí wọ́n ń rántí. Kò sọ pé ti tuntun yẹn ti dára ju ti àtijọ́ lọ bó ṣe wà nígbà yẹn, nítorí kò dára tó o, gbogbo wọn ló sì ń rí i. Ohun tó sọ fún wọn ni pé kí wọ́n múra gírí, kí wọ́n ṣiṣẹ́, nítorí Olúwa wà pẹ̀lú wọn. Ọlọ́run kò dúró kí ilé tuntun jọ ilé àtijọ́ kó tó wà níbẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró lé, ìyá mi. Ẹ ti ń fi bí nǹkan ṣe jọ ti Òkè-Àdó tó wọn bí Ọlọ́run ṣe súnmọ́ yín tó. Níwọ̀n ìgbà tí Akóbọ̀ kò ti ní jọ Òkè-Àdó láéláé, ojoojúmọ́ ni ìwọ̀n yẹn á máa sọ fún yín pé Ọlọ́run ti lọ.

Ẹ fojú inú wo Ìsíkíẹ́lì. Ọmọ àlùfáà ni, tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà fún. Ìwé Númérì sọ pé ẹni ọgbọ̀n ọdún ló ń wọ iṣẹ́ ilé Ọlọ́run. Nígbà tí ọgbọ̀n ọdún pé, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ àkọ́kọ́ ìwé rẹ̀ ṣe sọ, tí ọ̀pọ̀ àwọn olùkọ́ Bíbélì sì gbà pé ọjọ́ orí rẹ̀ ni, ẹ̀bá odò Kébárì ni ó wà, láàárín àwọn ìgbèkùn, ní ilẹ̀ àwọn tó kó wọn lẹ́rú. Ọdún tí ì bá wọ iṣẹ́ gan-an ni ọ̀run ṣí sílẹ̀ lójú rẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì. Ìtẹ́ Ọlọ́run tó rí ní kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀, ó ń lọ síbikíbi tí ẹ̀mí bá fẹ́ lọ. Ní orí kọkànlá, Olúwa sọ fún un nípa àwọn tí wọ́n kó lọ pé Òun yóò jẹ́ ibi mímọ́ fún wọn fún ìgbà díẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n dé. Ẹ máa ka ẹsẹ kẹrìndínlógún yẹn nígbà tí ilé bá dákẹ́ jù fún yín.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè fa Oníwàásù orí keje, ẹsẹ kẹwàá, yọ sí yín, níbi tó ti ní kí èèyàn má ṣe béèrè ìdí tí ọjọ́ ìṣáájú fi sàn ju tìsinsìnyí lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àmọ́ ẹni tí ẹsẹ yẹn ń bá wí ni ẹni tó ti dá ẹjọ́ òní kó tó gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Irú èyí ló bá àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù, ní Númérì orí kọkànlá. Wọ́n rántí ẹja Íjíbítì tí wọ́n ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n rántí apálà, bàrà àti àlùbọ́sà. Wọn ò rántí bíríkì, wọn ò rántí pàṣán. Ìrántí máa ń ṣà nínú ọkà, ó ń kó èyí tó dára, ó ń fi ìyàngbò sílẹ̀. Kò sí aburú nínú ìyẹn bí a bá mọ̀ pé ohun tó ń ṣe nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ sì dá ara yín lóhùn pẹ̀lú òtítọ́. Ní gbogbo àárọ̀ tí agogo yẹn dún, ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ fi gbọ́ ohùn Ọlọ́run? Ṣé kò sí àárọ̀ tí oorun ń kùn yín lórí ìkúnlẹ̀? Ṣé kò sí èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yin àti bàbá ti bá ara yín fa ọ̀rọ̀ lálẹ́ àná, tí ẹ kàn ń ṣe “Àmín” lẹ́nu lásán? Ṣé kò sí ìgbà tó jẹ́ pé owó iléèwé àwọn ọmọ ló gbà yín lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà dé orí oore-ọ̀fẹ́? Mo ti bá ọ̀pọ̀ opó àti ọ̀pọ̀ bàbá arúgbó jókòó, mi ò sì tíì rí ẹni tó sọ pé kò sí. Ọdún 1980 tí odò Ògùnpa kún àkúnya ní òpin oṣù kẹjọ, tí ó gbé ilé, tí ó gbé èèyàn lọ, ẹ ti dàgbà nígbà yẹn. Inú àwọn ọdún tí a ń pè ní ìgbà dáadáa náà ló wà. Ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ló béèrè lọ́sẹ̀ yẹn pé ibo ni Ọlọ́run wà. Lónìí, àwọn kan lára wọn wà tó ń jẹ́rìí sí bó ṣe yọ wọ́n. Ẹ̀yìn ni wọ́n tó rí i.

Báyìí ló ṣe ń rí. Jékọ́bù sùn ní Bẹ́tẹ́lì, òkúta ló fi ṣe ìrọ̀rí, ó ń sá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó jí ló tó sọ pé Olúwa ń bẹ níhìn-ín, òun kò sì mọ̀. Àwọn méjì tó ń lọ sí Ẹ́máúsì bá Jésù rìn ní gbogbo ọ̀nà yẹn láìdá a mọ̀, àná tó ti bà jẹ́ ni wọ́n ń sọ fún un, wọ́n ní àwọn ti ń retí pé Jésù ni yóò dá Ísírẹ́lì nídè. Ìgbà tó kúrò lójú wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara wọn pé ọkàn wa kò ha ń gbóná nínú wa? Ìyá mi, púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń pè ní wíwà Ọlọ́run pẹ̀lú yín ní Òkè-Àdó, ẹ̀yìn lẹ ti dá a mọ̀. Nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, àárọ̀ bí àárọ̀ ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àìgbọ́ ohùn lónìí kò lè jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ẹni níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ẹ ó wá rántí lọ́jọ́ iwájú ni ẹ jókòó sí àárín rẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ń fi ọwọ́ rọ́ àdánù yín sẹ́yìn. Ohun tí ẹ pàdánù tóbi. Ẹnì kan wà láyé tó ń dárúkọ yín níwájú Ọlọ́run lójoojúmọ́ kí oòrùn tó yọ. Ẹni náà ti lọ. Àwọn ọmọ lè máa gbàdúrà fún yín, ìjọ lè máa ṣe é, kò lè dún bákan náà létí yín. Nítorí náà, bí ẹ bá kúnlẹ̀ tí ohùn bàbá bá dé, ẹ má lé e, ẹ má sì bá a jà. Àdúrà ni ohùn yẹn ń gbà nígbà ayé rẹ̀. Ẹ ṣe “Àmín” sí i, kí ẹ wá fi ẹnu tiyín gbà á lọ láti ibi tó dúró sí.

Sáàmù kejìlélógójì mọ irú èyí. Ẹni tó kọ ọ́ ń rántí bí òun ṣe máa ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí ilé Ọlọ́run, pẹ̀lú ohùn ayọ̀ àti ìyìn. Ó jìnnà sí ibẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Kò fi ìrántí yẹn pa mọ́ kó tó gbàdúrà. Ìrántí náà ló sọ di àdúrà, ó ní òun ń tú ọkàn òun jáde. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Dípò kí ẹ máa wí nínú ọkàn yín pé “àtijọ́ ni nǹkan dára,” ẹ sọ ọ́ fún Ọlọ́run tààrà: Olúwa, mo rántí agogo yẹn, mo rántí ọwọ́ rẹ̀ lórí mi, ó ń dùn mí pé kò sí mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ẹkún tí a sun sí etí Ọlọ́run yàtọ̀ sí èyí tí a dá sun sórí ìrọ̀rí.

Sáàmù kẹtàdínlọ́gọ́rin ńkọ́? Asafu tó kọ ọ́ kò rí oorun sùn, ó ń rò nípa ọjọ́ àtijọ́, ó rántí orin rẹ̀ ní òru, ó sì béèrè bóyá Ọlọ́run ti gbàgbé láti ṣe oore. Ó yí ìrántí rẹ̀ padà láti orí ọjọ́ ayé tirẹ̀ sórí ohun tí Ọlọ́run ṣe ní Òkun Pupa. Mo fẹ́ràn Sáàmù yìí nítorí pé kò sọ ní ìparí pé ara rẹ̀ ti yá. Ó kàn sọ pé ọ̀nà Ọlọ́run wà nínú òkun, a kò sì mọ ipasẹ̀ rẹ̀. Bí ara yín kò bá tíì yá lẹ́yìn àdúrà, ẹ̀yin àti Asafu lẹ jọ wà níbẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ Kúdẹ̀tì. Ó ṣe mí bíi kí n bá yín sọ ọ́ pẹ́, torí pé ìtàn ibẹ̀ jẹ́ ìtàn tiyín. Ọdún 1853 ni David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ń bá CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ṣiṣẹ́, àti ìyàwó rẹ̀ Anna tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá fìdí kalẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ gbàgbọ́ kò ní odindi Bíbélì ní Yorùbá lọ́wọ́, ọdún 1884 ló tó jáde tán. Apá díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kà. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti etíkun kò lè wọlé mọ́, ebi sì pa wọ́n débi pé wọ́n ń ta ẹrù inú ilé. Àìlera lé tọkọtaya náà kúrò ní Ìbàdàn ní 1869, Anna sì kú ní 1870. Ẹ ro ohun tí àwọn ọmọ tó ti dàgbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Kúdẹ̀tì á máa sọ lọ́dún yẹn. Ó dájú pé àwọn kan nínú wọn á ti rò pé Ọlọ́run bá a wọkọ̀ ojú omi lọ. Daniel Olúbí tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ ló gba ìjọ náà mú, ogun Kírìjì tún bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tán pátápátá títí di 1893. Síbẹ̀, ìjọ kò kú. Nígbà tí wọ́n fi gbé yín lọ sí ibi ìrìbọmi, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń gbàdúrà níbẹ̀.

Kúdẹ̀tì tí àárò rẹ̀ ń sọ yín, òní tó yí padà ló jẹ́ lójú àwọn mìíràn. Àwọn orin tí ẹ mọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ìjọ wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn orin Òyìnbó tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá há láàárín, tó jẹ́ pé ohùn orin ń gun òkè níbi tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn bíi Josiah Jesse Ransome-Kuti, tó lọ kọ orin ìyìn Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922, ló tún ọ̀nà ṣe fún orin tó bá ohùn ẹnu wa mu. Tuntun ni irú orin bẹ́ẹ̀ létí ẹni tó ti fi ti Òyìnbó dàgbà. Àwọn àgbà wa ní ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Mi ò sọ pé kí ẹ fẹ́ràn orin Akóbọ̀ tipátipá. Ní ti sípíkà, mo wà lẹ́yìn yín gbágbáágbá: ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù ní ọ̀pọ̀ ìjọ nílùú yìí, ó ń lé àwọn arúgbó sẹ́yìn, ó sì yẹ kí àwa àlùfáà tètè wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ lọ bá àlùfáà ìjọ yín, ẹ sọ fún un wọ́ọ́rọ́wọ́, kí wọ́n fún yín ní àyè tó jìnnà sí sípíkà. Ẹ sì bi í bóyá ẹ lè máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní orin kan láti inú ìwé orin wa. Ẹni tó kọrin ní kọ́yà Kúdẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn kánópì láìsí iṣẹ́ lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ jọ́sìn ní Kúdẹ̀tì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ ọkọ̀ máíkírà kí ẹ lọ. Kò burú. Ẹ kàn má ṣe sọ ọ́ di pé ibẹ̀ nìkan ni Ọlọ́run ń gbọ́ tiyín.

Mo ti fi ohun tó súnmọ́ mi lọ́kàn jù sílẹ̀ di báyìí. Nínú lẹ́tà yín, ẹ kọ gbólóhùn kan nípa ọmọ ọlọ́dún méje, ẹ sì kọjá lọ. Èmi kò lè kọjá rẹ̀. Nígbà tí Náómì padà dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ó sọ fún àwọn obìnrin ìlú pé kíkún ni òun jáde lọ, òfìfo ni Olúwa mú òun padà. Rúùtù wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ìbànújẹ́ kò jẹ́ kó rí i. Bíbélì kò bá a wí, ó kàn jẹ́ kí ìtàn náà máa lọ, títí ó fi di ọjọ́ tí àwọn obìnrin kan náà sọ fún un pé Rúùtù sàn fún un ju ọmọkùnrin méje lọ. Ọkọ Náómì kò jí dìde, àwọn ọmọ rẹ̀ tó kú kò padà wá. Ọmọ-ọmọ yín kò lè dí àyè bàbá, kò sì yẹ kí a gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ka ọmọdé lórí. Àmọ́, ta ló ń dárúkọ ọmọ yẹn níwájú Ọlọ́run láàárọ̀? Ìyá rẹ̀ ti wọkọ̀ lọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé.

Iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, ìyá mi. Bóyá ohùn rẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ lórí ìkúnlẹ̀, ohun tó ń rán yín létí nìyẹn. Ẹ wá agogo yẹn jáde bó bá ṣì wà. Ẹ má ṣe lù ú ní aago márùn-ún, ọmọ gbọ́dọ̀ sùn. Kí ó tó wọ aṣọ iléèwé ti tó. Orin ẹsẹ kan, ẹsẹ Bíbélì kan, kí ẹ gbé ọwọ́ lé e lórí, kí ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ dárúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òun náà gbàdúrà fún yín. Èyí ṣe pàtàkì. Ọdún mẹ́rin ni etí yín kò ti gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ yín sókè fún Ọlọ́run láàárọ̀, ẹnu ọmọdé sì wà nínú ilé. Ní ti àwọn tó wà ní Kánádà, ẹ gba àdúrà kúkúrú sórí WhatsApp, kí ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́, kí ẹ dárúkọ wọn pẹ̀lú oríkì. Òru ló ṣì jẹ́ lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ní Ìbàdàn. Bí wọ́n bá jí, wọ́n á bá a níbẹ̀.

Àárọ̀ àkọ́kọ́ lè gbẹ. Ọmọ lè máa ṣeré, omi lè máa hó lórí sítóòfù, ẹ lè má gbọ́ nǹkan kan lára. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ kejì. Mánà inú aginjù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tọ́jú di ọ̀la, àfi ti Ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tó bá fi ti àná pa mọ́ ń bá ìdin nínú rẹ̀, èyí tó sì rọ̀ láàárọ̀ yẹn wà lórí ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kéré, kò sì jọ oúnjẹ lójú ẹni tó kọ́kọ́ rí i. Wọ́n tilẹ̀ ń béèrè pé kí nìyí. Lálẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ bi ara yín ní ohun kan ṣoṣo: kí ni mo rí gbà lónìí tí n kò rí gbà lánàá? Ó lè jẹ́ ìbéèrè tí ọmọ yẹn bi yín, ó lè jẹ́ aládùúgbò tó bá yín gbé ẹrù wọlé. Ẹ dúpẹ́ lórí ẹyọ kan yẹn, kí ẹ sùn.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kì í sùn, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu, tí kò sí ohun tó wù yín ṣe mọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tàbí tí ọkàn yín bá ń sọ pé kí ẹ kúkú kú kí ẹ lè bá bàbá, ẹ sọ fún ọmọ yín lónìí, kí ó mú yín lọ rí dókítà. Àwọn tó ń tọ́jú irú rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn UCH. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Nígbà tí Èlíjà tọrọ ikú lábẹ́ igi, oorun àti oúnjẹ ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ fún un, ẹ̀ẹ̀mejì, kí Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀ ní Hórébù.

Ó ku ohun kan tí ẹ kò kọ, ṣùgbọ́n tí mo fura sí, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn opó púpọ̀. Ẹ̀rù lè máa bà yín pé bí ẹ bá rí Ọlọ́run ní Akóbọ̀, bí ẹ bá tún rẹ́rìn-ín nínú àdúrà, á dà bíi pé ẹ ti fi bàbá sílẹ̀ ní Òkè-Àdó. Ẹ rántí ibi kan nínú ìsìn Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, kí a tó ké “Mímọ́, mímọ́, mímọ́.” Àlùfáà máa ń sọ pé a ń yin Ọlọ́run pẹ̀lú àwọn áńgẹ́lì àti gbogbo ogun ọ̀run. Bàbá wà nínú àwọn yẹn. Kò sí ní àná mọ́, iwájú Ọlọ́run ló wà, níbi tí ìyìn ti ń lọ lọ́wọ́ báyìí. Orin kan náà lẹ̀yin méjèèjì ń kọ ní ìṣẹ́jú yẹn, bí kíbọ́ọ̀dù tilẹ̀ ń pariwo. Òní ni ẹ ti lè súnmọ́ ọn jù lọ, nítorí òní ni ẹ lè yin Ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ Àìkú tí wọ́n máa ń ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní ìjọ abẹ́ kánópì yẹn, kí ẹ sì mú ọmọ náà dání lọ.